Ìyá Àgbà Tó Ń Bi Omi Léèrè

Nígbà tí wọ́n pè mí láti Parakou pé Ìyá àgbà ti sùn, ojú rẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ọwọ́ rẹ̀ ni. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, nínú omi dé ìgúnpá, tó ń dúró kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Àwọn tó wá kí wa nílé ní Banikanni, àdúgbò wa ní Parakou, sọ pé obìnrin líle ni. Wọ́n ní kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré, wọ́n ní kò sí ẹni tí òrí tó ń tà mọ́ tó tirẹ̀ ní gbogbo ọjà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti kékeré, nítorí pé Kútọnu ni ìyá mi àti bàbá mi ń gbé, ohun tí mo sì mọ̀ nípa rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń bi omi ní ìbéèrè kan láti ìgbà ọmọdé rẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ìbéèrè náà títí ó fi di ìyá arúgbó.

Ohunkóhun tó bá wọ ilé wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan omi. Bí a bá ra ẹ̀wà, a ó dà á sínú omi. Èyí tó bá léfòó, kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀, a ó gbọ̀n ọ́n dànù. Bí àwọn obìnrin abúlé bá gbé èso òrí wá, inú omi náà ni. Ẹyin, ìyẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé. "Gbé e sómi ká wò ó" ni ọ̀rọ̀ tó ń tẹnu rẹ̀ jáde jù lójúmọ́, àfi bóyá orúkọ mi tó ń pè láti ilé ìdáná. Ní ọdún kan, bàbá mi fi bàtà tuntun ránṣẹ́ sí mi fún Kérésìmesì, bàtà pupa tó ní ìdè lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbé e fún Ìyá àgbà kó wò ó. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi ìka tẹ abẹ́ rẹ̀, kí n sì tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan lé ojú omi garawa. Mo ké bí ẹni tí wọ́n dáná sun. Bàtà náà léfòó, ó ń yí kiri bí ẹyẹ pẹ́pẹ́yẹ. Ìyá àgbà wò ó títí, ó yọ ọ́, ó fi ìró rẹ̀ nù ún gbẹ, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Má bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Ìwà yìí dá ìjà sílẹ̀ lọ́jà. Obìnrin Dendi kan wà tí à ń pè ní Mèmúnà, òun là ń ra ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà kì í ra ẹyin láìdán an wò. Ó máa ń gbé igbá kékeré lọ́wọ́ lọ sọ́jà, á bu omi sí i lọ́dọ̀ àwọn aláta, á wá jókòó síwájú Mèmúnà, á máa gbé ẹyin sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀, ó rà á. Èyí tó bá nàró, ó ń ṣiyèméjì. Èyí tó bá léfòó, á gbé e padà fún Mèmúnà láìsọ̀rọ̀, àìsọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló sì máa ń bí Mèmúnà nínú.

Lọ́jọ́ kan tí ọjà kún, Mèmúnà fi orúkọ ìyá mi pè é, ó figbe ta: "Ìyá Mọníìkì, ṣé o fẹ́ ra ẹyin ni, àbí o fẹ́ ṣe ìrìbọmi fún wọn?"

Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Mùsùlùmí ni Mèmúnà, ó mọ̀ pé Ìyá àgbà kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó mú èyí tó léfòó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Fọ́ ọ."

"N ò ní í fọ́ ọ. Ẹyin mi ni."

"Fọ́ ọ, mo máa rà á."

Mèmúnà fọ́ ọ. Òórùn náà tú àwọn oníbàárà ká, kódà aláta tó wà lókèèrè fi gèlè bo imú. Mèmúnà kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ó ti gbé abọ́ omi ńlá síwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó sì ń sọ fún ẹni tó bá kọjá pé kó wá dán ẹyin òun wò, pé òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Parakou, pé ọgbọ́n orí òun ni. Inú bí mi. Mo sáré wá sọ fún Ìyá àgbà nílé. Ó ń ṣa èso lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Jẹ́ kó jẹ́ tirẹ̀. Ṣebí ẹyin tó dára là ń wá."

Mi ò lè rántí rẹ̀ kí n má rántí iṣẹ́ òrí. Ẹni tí kò ṣe é rí kò lè mọ bó ṣe ń dá ènìyàn lápá. Lẹ́yìn tí a bá ti gún èso náà, tí a yan án, tí a lọ̀ ọ́ di ohun dúdú tó ki bí ẹrẹ̀, a ó dà á sínú agbada ńlá, a ó máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, a ó máa fi ọwọ́ pò ó. A ó pò ó, a ó pò ó. Fún ìgbà pípẹ́, kò sí nǹkan kan tó máa yí padà, ẹrẹ̀ dúdú náà ni. Apá mi a máa dá, mo sì máa ń rò pé a ti bà á jẹ́, pé omi ti pọ̀ jù tàbí ó kéré jù. Lójijì àwọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, á di bí àwọ̀ kọfí oníwàrà, lẹ́yìn náà ni funfun rẹ̀ á máa gbéra láti ìsàlẹ̀, á bo ojú agbada, èérí á sì wà lábẹ́.

Mo máa ń bi í pé kí ló ń gbé e wá sókè. Ó ní òrí fúyẹ́ ju omi lọ ni. Mo ní kí ló dé tó fi fúyẹ́? Ó ní, "Mi ò mọ̀." Ó máa ń sọ ọ́ gbangba, láìtijú, bí ẹni ń dáhùn ìkíni. Àwọn àgbàlagbà mìíràn tí mo mọ̀ kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé. Wọn á ní Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀, tàbí wọn á rán ẹ níṣẹ́. Ìgbà tí mo bá sì ti fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí mo ń ṣàròyé pé òrí kọ̀ kò wá, ohùn rẹ̀ máa ń rọ̀: "Ó ń bọ̀. Kò síbòmíràn tó lè lọ."

Kì í na ọmọ. Mo fọ́ ìkòkò, mo da epo nù, mo sùn gbàgbé ewúrẹ́ níta, kò nà mí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí ìbínú rẹ̀ tó dẹ́rù bà mí. Pọ́ọ̀lù, ọmọ àbúrò ìyá mi, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Àwa méjèèjì ń jà nídìí pọ́m̀pù nítorí ẹni tó kọ́kọ́ máa pọnmi. Ó tì mí, garawa mi dà nù. Mo ní, "Kí omi gbé ẹ lọ!"

Ìyá àgbà wà nílé ìdáná. Mi ò mọ bó ṣe gbọ́ ọ. Mo kàn rí i tó jáde, òrí lọ́wọ́ rẹ̀ dé apá, ó sì fi ọwọ́ náà di àgbọ̀n mi mú.

"Fà á padà."

"Ìyá àgbà, eré ni mò ń ṣe."

"Mo ní kó o fà á padà. Sọ pé omi kò ní í gbé e lọ."

Mo sọ ọ́. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ títí Pọ́ọ̀lù alára fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹni tí wọ́n ń torí rẹ̀ bá mi wí. Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Mo rò pé èmi ni mo ṣe nǹkan ńlá tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mo sì rìn jẹ́jẹ́ nínú ilé fún ọjọ́ púpọ̀. Ohun tó sọ gbẹ̀yìn kó tó tú mi sílẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Ó ní, "Sọ ọ́ kó ròkè. Sọ ọ́ kí omi náà gbọ́."

Ìgbà Réfólúsíọ̀n, nígbà tí àwọn sójà gba ìjọba, ni gbogbo èyí. Àárọ̀ kùtù ni ràdíò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ìjà ń tẹ̀síwájú. Kò sí Ọ̀gbẹ́ni mọ́, kò sí Mùsé, Kàmáráàdì ni gbogbo ènìyàn. Nílé ẹ̀kọ́, a ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, a ó na ìkúùkù sókè, a ó kọrin. Bó bá sì jẹ́ ọjọ́ oko, a ó gbé ọkọ́ lé èjìká lọ sí oko ilé ìwé, a ó lọ ro àgbàdo. Olùkọ́ kíláàsì wa háyà yàrá lọ́dọ̀ wa, yàrá tó wà lẹ́nu géètì. Kàmáráàdì Bíò ni. Ọmọ Bàrìbá ni, ṣùgbọ́n àárín Yorùbá ló gbé dàgbà, ó ń sọ èdè wa bí ẹni tí wọ́n bí sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ní kẹ̀kẹ́ kan, kò ní ìyàwó. Ó máa ń sọ fún wa ní kíláàsì pé kò sí àjẹ́, kò sí ẹbọra lódò, pé ohun gbogbo ló ní ìdí tí ènìyàn lè fojú rí.

Ìyá àgbà kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, abẹ́ fèrèsé Kàmáráàdì gan-an ló ti máa ń gbàdúrà kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á sì gbé ohùn sókè. Kàmáráàdì náà á bẹ̀rẹ̀ orin Réfólúsíọ̀n láti inú yàrá. Wọ́n á jọ máa ṣe é títí á fi rẹ ọ̀kan nínú wọn. Síbẹ̀, bí oúnjẹ bá jinná, ti Kàmáráàdì ló kọ́kọ́ máa ń bù. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Kò gbàgbọ́, ṣùgbọ́n ó ní ikùn."

Lọ́jọ́ kan mo dé láti ilé ìwé, mo ń fi ẹ̀kọ́ wa yangàn. Mo ní ìṣó kékeré máa ń rì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi tó wà ní Kútọnu, irin ni látòkè délẹ̀, ó tún ru ọ̀pọ̀ kámíọ̀, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, kò sì rì. Ìyá àgbà dá ọwọ́ dúró nínú agbada.

"Kí ló fà á?"

Mo ti gbàgbé ìyókù. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá ẹnu géètì. "Kàmáráàdì," ó ní, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó pè é bẹ́ẹ̀. "Jáde wá, wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ irin yìí fún mi."

Kàmáráàdì Bíò jáde pẹ̀lú ayọ̀. Ó wá agolo wàrà tó ṣófo, ó gbé e lé ojú omi, agolo dúró. Ó yọ ọ́, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fi òkúta lù ú di pẹlẹbẹ, ó ká a, ó tún lù ú, ó wá jù ú sómi. Ó rì. "Ẹ rí i, Ìyá? Agolo kan náà ni!"

"Mo rí i," ni Ìyá àgbà wí. "Agolo tí mo fi ń wọn ìrẹsì ni."

Ṣùgbọ́n kò bínú lọ títí. Lọ́jọ́ kejì ó lọ gba amọ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń mọ ìkòkò. Ó ṣù ú róbótó, ó jù ú sómi, ó rì. Ó yọ ọ́, ó mọ ọ́n di àwo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó gbé e lé ojú omi, ó léfòó. Ó tún un ṣù. Ó tún un mọ. Àwọn tó ń kọjá lẹ́nu géètì ń yọjú, wọ́n ń bi ara wọn bóyá ara ìyá yìí dá. Ó ń nà án sí wọn: "Amọ̀ kan náà ni. Ẹ wò ó, amọ̀ kan náà ni."

Kàmáráàdì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe bó ṣe ń ṣàlàyé fún wa ní kíláàsì. Ó bu omi kún abọ́ dẹ́nu, ó gbé abọ́ náà sínú àwo pẹrẹsẹ, ó ní kí Ìyá àgbà rọra gbé àwo amọ̀ rẹ̀ lé e. Omi ṣàn jáde. Ó dà á sínú igbá fúlẹ́fúlẹ́ kan, ó ní kó fi àwo amọ̀ sọ́wọ́ kan, kó fi omi náà sọ́wọ́ kejì. Ìyá àgbà wọ̀n wọ́n lọ́wọ́, ó pa ojú dé.

"Wọ́n ṣe déédéé."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó bá wọ inú omi ti gba àyè omi, Ìyá. Omi tó kúrò níbẹ̀ fẹ́ padà sí àyè rẹ̀, ìyẹn ló fi ń ti nǹkan náà sókè. Bí nǹkan náà bá lè lé omi tó wúwo tó ara rẹ̀ kúrò, omi á gbé e. Bí kò bá lè lé e, á rì. Amọ̀ tí ẹ ṣù gba àyè díẹ̀. Àwo gba àyè púpọ̀, nítorí atẹ́gùn wà nínú rẹ̀."

"Ta ló sọ fún omi pé kó gbé èyí, kó má gbé tọ̀hún?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Omi kì í yan ẹnikẹ́ni."

"Wọ́n ní ó máa ń yàn."

"Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀?"

Ìyá àgbà da omi inú igbá sídìí igi máńgòrò, ó wọlé. Ṣùgbọ́n kó tó wọlé, ó wẹ̀yìn. "Má lọ síbì kankan lọ́la," ó ní. "Mi ò tíì bi ẹ́ tán."

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó bi í tán. Ọyẹ́ ti dé, eruku pupa bo gbogbo nǹkan, a sì ń ré òrí lójú agbada ní ìrọ̀lẹ́. Kàmáráàdì jókòó lórí ìjókòó kékeré, ó ń jẹ iṣu sísun. Ìyá àgbà kò gbójú sókè. Ó ní, "Bí omi bá wọ inú àwo náà díẹ̀díẹ̀ ńkọ́?"

"Á máa wúwo sí i, Ìyá. Á máa lọ sísàlẹ̀ títí omi á fi bò ó."

"Bó bá jẹ́ akèrègbè? Odindi akèrègbè tí wọ́n fi ìda dí lẹ́nu, tí ènìyàn ń dì mọ́ sọdá odò?"

"Bó bá ti sán níbì kan, bákan náà ni. Atẹ́gùn á máa jáde, omi á máa wọlé. Akèrègbè fúnra rẹ̀ lè máà rì pátápátá, èèpo rẹ̀ fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò ní í lè gbé ènìyàn mọ́. Ẹ ó rí i tí omi á máa hó bùlẹ̀bùlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Ìyá àgbà jókòó sórí ilẹ̀. Kò wá àga, kò wá ẹní.

"Ó hó," ó ní. "Mo rí i. Ó hó."

Báyìí la ṣe gbọ́ ọ, èmi àti Kàmáráàdì, a kò tíì gbọ́ ọ rí. Abúlé wọn wà ní ìhà Ṣábẹ̀, létí odò Ọ̀pàrà. Kò sí afárá nígbà náà. Akèrègbè ńlá ni wọ́n fi ń sọdá: ènìyàn á fi àyà lé e, á máa fi ẹsẹ̀ wa omi. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀kan tó máa ń gbé kọ́ sí òkè àjà. Lọ́jọ́ kan tí òun náà ṣì wà ní ọmọbìnrin kékeré, wọ́n ní kó gbé oúnjẹ lọ fún bàbá lóko ní òdìkejì. Àbúrò rẹ̀, Bíọ́dún, ní òun máa bá a lọ. Ó ní kó má bá òun lọ. Bíọ́dún dì mọ́ aṣọ rẹ̀. Wọ́n jà létí odò, níṣojú àwọn obìnrin tó ń fọṣọ, ó sì sọ ọ́: "Kí omi gbé ẹ lọ, jẹ́ kí n sinmi." Síbẹ̀ ó gbà á, wọ́n jọ dì mọ́ akèrègbè. Nígbà tí wọ́n dé àárín odò, akèrègbè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sísàlẹ̀ lábẹ́ àyà wọn, ó ń hó. Òun rí gbòǹgbò igi kan dì mú. Ọwọ́ Bíọ́dún yọ̀.

"Wọ́n rí akèrègbè níbi tí odò ṣàn gbé e lọ," ni Ìyá àgbà wí. "Ó léfòó lójú omi. Bàbá mi fi ìbínú fọ́ ọ mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó bóyá ó sán. Wọ́n ní, ẹ ò rí i? Omi dá akèrègbè padà, ó mú ọmọ. Omi ló yàn án, ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì fi lé omi lọ́wọ́."

Kò sẹ́ni tó nà án. Ìyá rẹ̀ kò bá a wí. Ó kàn jẹ́ pé láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n mú un wá sí Parakou lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, kò sì padà sílé mọ́, kódà nígbà tí wọ́n sin bàbá rẹ̀. Lọ́dọọdún ló ń di òrí tó dára jù sínú abọ́, tó ń fi rán àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin sí ìyá rẹ̀. Lọ́dọọdún ni abọ́ ń padà wá, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, kò sí ọ̀rọ̀ kankan pẹ̀lú rẹ̀.

Mo rò pé Kàmáráàdì máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípa àwọn ìgbàgbọ́ àtijọ́, pé Réfólúsíọ̀n máa gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Iṣu ti tutù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá," ó ní, "akèrègbè yẹn ti sán kí ẹ tó dé etí odò. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń ki àbúrò yín ní oríkì láti etí odò títí dé àárín, á rì náà ni."

Wọ́n gbé Kàmáráàdì Bíò lọ sí ìlú mìíràn lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Réfólúsíọ̀n náà sì parí. Ṣùgbọ́n ó wá síbi ìsìnkú Ìyá àgbà, irun rẹ̀ ti funfun, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. A rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo àlàyé tó ṣe fún un. Ó mi orí. "Àlàyé kì í wọ́n mi nígbà náà," ó ní. "Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn."

Ìyá àgbà kò sunkún ní ìrọ̀lẹ́ tó sọ ìtàn Bíọ́dún fún wa. Ó ré òrí tó kù tán, ó fọ agbada, ó ní kí n wá aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, pé bí ọkọ̀ ojú irin bá ti dé, Ṣábẹ̀ là ń lọ. Ó ra akèrègbè kan lọ́jà, ó fi ìda dí ẹnu rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kàmáráàdì gbé agbọ̀n wa sórí kẹ̀kẹ́, ó sìn wá dé ibùdókọ̀. Nínú ọkọ̀, Ìyá àgbà gbé akèrègbè náà lé itan bí ọmọ ọwọ́. Mo bi í pé kí ló máa sọ bí a bá dé ọ̀hún. Ó ní, "Mi ò mọ̀."

Nígbà tí a dé abúlé wọn, Yèyé, ìyá rẹ̀, jókòó lórí ẹní lábẹ́ ìgbátí ilé. Ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá. Ó kéré, ó gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ṣì tóbi. Bí a ṣe wọ agboolé, àwọn tó mọ Ìyá àgbà dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n sì dákẹ́ nítorí pé àwọn yòókù dákẹ́. Yèyé gbé orí sókè.

"Ta ló dé?"

Ìyá àgbà kúnlẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Yèyé, èmi ni. Àbẹ̀kẹ́ ni."

Ọwọ́ Yèyé tó ń fi bọ́ ẹ̀pà dúró. Àbúrò Ìyá àgbà ọkùnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn Bíọ́dún wá síwájú, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun gbé ọpọ́n omi ńlá wá. Ó gbé e wá. Ìyá àgbà gbé akèrègbè lé ojú omi, ó mú ọwọ́ Yèyé, ó gbé e lé e lórí.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Yèyé."

Mo rò pé Yèyé máa já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Kò já a gbà. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ó ń tì mí," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń tì yín. Báyìí ló ṣe máa ń gbé wa sọdá."

Ìyá àgbà fa ọ̀bẹ kékeré yọ, ó gún akèrègbè náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí omi dé, ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ ńlá lọ. Ó tún gún un lókè díẹ̀. Ó dá ọwọ́ Yèyé padà sórí rẹ̀. Gbogbo agboolé ti yí wa ká, kódà àwọn ọmọdé. Lábẹ́ ọwọ́ Yèyé, omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

"Kí ló ń ta mí lọ́wọ́ yìí?"

"Atẹ́gùn ni, Yèyé. Ó ń jáde. Omi ń wọlé." Ìyá àgbà ṣì di ọwọ́ rẹ̀ mú síbẹ̀. "Bó ṣe rí nìyẹn, lábẹ́ àyà wa. Mo sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí i létí odò, Yèyé, mi ò jẹ́ parọ́. Mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n akèrègbè ti sán. Kò sẹ́ni tó mọ̀, Bàbá náà ò mọ̀. Omi ò yan Bíọ́dún. Omi kàn wọlé ni."

Yèyé ń tẹ akèrègbè náà díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi, ó tún ń tẹ̀ ẹ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́, ó ń lọ sísàlẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Nígbẹ̀yìn, ó lọ láìjà, ọwọ́ Yèyé bá a lọ, omi dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó dé ìgúnpá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ náà sílẹ̀ síbẹ̀.

"Kò tì mí mọ́," ó ní.

Lẹ́yìn náà ló sọkún, ẹkún tí kò ní ariwo, omi ń ṣàn láti inú ojú tí kò ríran. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ láti inú ọpọ́n, ó wá ojú Ìyá àgbà kiri pẹ̀lú rẹ̀, ó rí i, ó fi ọwọ́ tútù náà pa á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Òrí rẹ ni mò ń fi pa ẹsẹ̀ láti ọjọ́ yìí," ó ní. "Mo ń fọ abọ́ rẹ fúnra mi, mi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọ̀ ọ́. Kí ló dé tí o kò tètè wá, Àbẹ̀kẹ́?"

Ilé ìwé ti gba ìsinmi, a sì lo ìyókù rẹ̀ lọ́dọ̀ Yèyé. Kí a tó padà sí Parakou, Ìyá àgbà ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sí etí odò. Ọyẹ́ ti fa omi sílẹ̀, iyanrìn yọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n àárín ṣì jìn. Ọlọ́kọ̀ kan jókòó sínú ọkọ̀ onígi rẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ìyá àgbà bọ́ bàtà, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú omi dé orúnkún kó tó dé ibi ọkọ̀, mo sì rí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń wá ilẹ̀. Ó bẹ ọlọ́kọ̀ náà pé kó gbé àwa méjèèjì lọ sí òdìkejì, kó sì gbé wa padà.

Ọlọ́kọ̀ wò ó. Kò sí ọjà níbẹ̀, kò sí ilé, igbó lásán ni. "Ìyá," ó ní, "kí lẹ fẹ́ lọ ṣe lódìkejì?"

Ìyá àgbà ti jókòó, ó di etí ọkọ̀ mú, ó ń wo omi.

"Kò sí," ó ní. "Mo kàn fẹ́ kọjá ni."